Pẹpẹ Inú Ìlà Ooru: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Lẹ́tà tó wọlé fún ojú ìwé yìí lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ: àwòrán tí sọ́fítíwíà àwọn ẹlẹ́rọ máa ń yà láti fi hàn bí ìgbóná omi, ọtí, epo tàbí gáàsì ṣe ń yí padà bí ooru bá ń wọ inú rẹ̀ tàbí tó ń jáde. Heat curve ni wọ́n ń kọ sójú kọ̀ǹpútà. Ìlà ooru la ó máa pè é níbí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a ò sì dárúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọdún kẹrin ni mo wà ní yunifásítì. Wọ́n ní ká gbé omi láti 25°C dé 150°C nínú DWSIM, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà yẹn, ká sì ya ìlà ooru rẹ̀. Ìlà tèmi gòkè dáadáa títí dé 100, ló bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ kó tó tún gòkè. Ọ̀rẹ́ mi ní sọ́fítíwíà ló há. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ ò ṣe ohunkóhun tí kò tọ́, sọ́fítíwíà náà ò sì há. Ibi tó tẹ́ yẹn, tí a ó máa pè ní pẹpẹ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ gbé kẹ́tùlù kaná, kí ẹ ti tẹmómítà bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà á máa gòkè. Tí omi bá ti wá ń hó, nọ́ńbà dúró. Ẹ fi iná kún un títí ọmọrí á fi máa jó lórí rẹ̀, omi náà ò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ni yóò kàn máa tètè gbẹ. Ooru ṣì ń wọlé o, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó ń tú omi ká di stíìmù.

Lórí àwòrán yín, ìgbóná ló dúró lápá òsì, àpapọ̀ ooru tó ti wọlé ló wà nísàlẹ̀. Ká ní kílò omi kan ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti 25 dé 100°C, omi náà á gba 314 kW. Kó tó di stíìmù pátápátá, láìfi ìwọ̀n kan (1°C) gbóná sí i, á gba 2257 kW. Láti 100 dé 150°C, nǹkan bí 101 kW péré ni. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2672 kW. Nínú 100 náírà tí ẹ ná sórí ooru, 84 ló bá pẹpẹ yẹn lọ.

Bí ìlà ṣe dagun tó náà ń sọ nǹkan. Omi ń gba nǹkan bí 4.18 kJ kí kílò rẹ̀ kan tó fi ìwọ̀n kan gbóná, stíìmù ò gbà ju bíi 2 lọ. Ìdí nìyẹn tí ìrù ìlà yín fi dagun ju orí rẹ̀ lọ. Ìlà tó dúró gangan bí àkàsọ̀ Òkè Ìdànrè, ohun tó ń tètè gbóná ló wà níbẹ̀. Èyí tó rọra ń gùn, ohun tó ń jẹ ooru ni.

Ẹ má sì rò pé 100 yẹn jẹ́ òfin. Àkúrẹ́ ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 350 mítà, prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wà ní bíi 0.97 bar, kẹ́tùlù tó wà ní ilé yín á sì máa hó ní nǹkan bí 98.8°C. Kọ̀ǹpútà fún yín ní 100 torí 1.01325 bar lẹ kọ fún un. Ẹ kọ 10 bar, kí ẹ wá wo pẹpẹ náà: á gòkè lọ sí 180°C, á sì kúrú sí 2014 kW. Bí prẹ́ṣọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni pẹpẹ á máa ga, tí á sì máa kúrú, títí á fi dé 374°C lábẹ́ nǹkan bí 221 bar. Níbẹ̀, kò sí pẹpẹ mọ́ rárá.

Ìbéèrè: Mo ti rí ìlà yìí nínú ìwé, àmọ́ n kò rí bọ́tìnì tó ń yà á. DWSIM tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún mi. — *Ẹlẹ́rọ, Ọ̀yẹ́mẹkùn, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é láìwá bọ́tìnì kankan. Heater kan (ẹ̀rọ tó ń gbóná nǹkan) àti Sensitivity Analysis (irinṣẹ́ tó ń yí nọ́ńbà kan padà díẹ̀díẹ̀, tó sì ń kọ ohun tó bá jáde sílẹ̀) ti tó.

Ẹ yan Water. Bí ó bá jẹ́ omi nìkan, ẹ mú Steam Tables fún property package, ìyẹn ọ̀nà tí sọ́fítíwíà ń gbà ṣírò ìwà omi àti gáàsì. Ẹ gbé Material Stream (ìṣàn omi tó ń wọlé) kan kalẹ̀: 25°C, 101325 Pa, 1 kg/s. Ẹ so ó mọ́ Heater, kí ẹ fi ìṣàn àbájáde àti ìṣàn agbára sí i. Pressure drop, òdo. Efficiency, 100, ẹ wò ó dáadáa, torí bí ẹnì kan bá ti fi 80 síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ooru yín ló máa wọ́.

Kí ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá igun méjèèjì. Ẹ sọ fún Heater pé ìdá gáàsì tó máa jáde jẹ́ 0, kí ẹ kọ ooru tó gbà sílẹ̀: á jẹ́ 314 kW tàbí kó sún mọ́ ọn. Ẹ yí i sí 1: á jẹ́ 2571. Igun tí ìhó ti bẹ̀rẹ̀ ni ti àkọ́kọ́. Èkejì ni igun tí ẹ̀kán omi tó kẹ́yìn ti gbẹ. Bí ẹ bá ń tutù bọ̀ láti òkè, ibẹ̀ náà ni ìrì àkọ́kọ́ ti máa sẹ̀.

Ẹ wá yí Heater padà sí ooru tí a fi kún un. Nínú Sensitivity Analysis, ooru Heater ni ẹ jẹ́ kó máa yí, láti 0 dé 2672 kW, kí àmì rẹ̀ jẹ́ 21. Ohun tí ẹ fẹ́ kà ni ìgbóná ìṣàn àbájáde àti ìdá gáàsì rẹ̀. Ẹ kó tábìlì náà lọ sínú Excel tàbí LibreOffice, kí ẹ fi igun méjèèjì kún un lọ́wọ́, kí ẹ tò wọ́n bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i. Àwòrán Scatter ni kí ẹ yàn o, ẹ má yan Line. Line máa ń to àmì sí àyè kan náà láìka nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ sí, igun tí ẹ fi ọwọ́ kún un á sì ba ìrísí gbogbo ìlà jẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí igun? Ẹ wo àmì 21 yẹn. Àyè tó wà láàárín èyí àti èkejì rẹ̀ jẹ́ 133.6 kW. Ọ̀kan bọ́ sí 267 kW níbi tí omi wà ní 89°C, èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí 401 kW, omi sì ti ń hó ní 100. Igun 314 wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó rí i. Kọ̀ǹpútà á kàn fa okùn tààrà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lápá òkè ó tún burú jù: 100°C ní 2538 kW, lẹ́yìn náà 150°C ní 2672. Àwòrán á máa pariwo pé stíìmù ti ń gbóná láti 2538, nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ títí dé 2571.

Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ìgbóná ló máa yí dípò ooru. Fún ohun kan ṣoṣo bí omi, ìyẹn ò dáa. Ní 100°C àti 1.01325 bar, omi lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ stíìmù, ó lè jẹ́ ààbọ̀ kan ààbọ̀ kejì; ìgbóná àti prẹ́ṣọ̀ nìkan ò lè sọ èwo ni. Sọ́fítíwíà á fò láti omi sí stíìmù lẹ́ẹ̀kan náà, odindi 2257 kW á sì bọ́ sáàárín àmì méjì.

Ẹni tó bá ń lo Aspen Plus, sọ́fítíwíà mìíràn, ẹ ṣí Hcurves (ìlà ooru) nínú blọ́ọ̀kì Heater tàbí HeatX (ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru). Heat duty ni kí ẹ yàn pé kó máa yí, fún ìdí kan náà. Bí nọ́ńbà yín bá sì tóbi ní ìlọ́po 3600, kJ/h lẹ̀ ń kà, ẹ rò pé kW ni.

Ìbéèrè: A fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe ẹtanọ́ọ̀lù. Omi ọtí tó wà nínú àgbá wa ní ẹtanọ́ọ̀lù 10 nínú 100 tí a bá fi ìwọ̀n kílò ṣírò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò ní hó títí di 98.6°C, ìlà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ bíi ti omi lásán. Ìkòkò tí a fi dán an wò ti ń hó ní 90 sí 91. Èwo ni ká gbà gbọ́? — *Láti ìlú Oǹdó*

Ìdáhùn: Ìkòkò yín.

Property package ló ń ṣì yín lọ́nà. Nọ́ńbà 98.6 yẹn ni Raoult's Law máa ń bí fún irú ọtí bẹ́ẹ̀. Òfin náà gbà pé ẹtanọ́ọ̀lù àti omi ń gbé inú ilé kan láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹtanọ́ọ̀lù díẹ̀ tó bá há sáàárín omi púpọ̀ kì í ní ìrọ̀rùn, ọ̀nà àtijáde ló máa ń wá. Nínú gáàsì tó kọ́kọ́ jáde, Raoult á sọ fún yín pé mólékù 9 nínú 100 ni ẹtanọ́ọ̀lù. Òtítọ́ rẹ̀ sún mọ́ 29.

Ẹ yan NRTL tàbí UNIQUAC, àwọn property package tó ń ka bí ẹtanọ́ọ̀lù àti omi ṣe ń bá ara wọn lò sí. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ṣí tábìlì nọ́ńbà tó so ẹtanọ́ọ̀lù mọ́ omi, kí ẹ rí i pé kì í ṣe òdo ló wà níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: bí àwọn nọ́ńbà náà bá jẹ́ òdo, NRTL yín á kàn jẹ́ Raoult tó wọ agbádá. Orúkọ ńlá, ìṣirò kan náà.

Bí ó bá tọ́, ẹ ó rí i pé ìlà yín ò tẹ́ mọ́. Ìhó á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 91°C, ẹ̀kán tó kẹ́yìn á sì gbẹ ní nǹkan bí 99, nítorí ẹtanọ́ọ̀lù ló ń kọ́kọ́ sá jáde, ohun tó kù á sì túbọ̀ máa jọ omi. Pẹpẹ ti di òkè kékeré. Lọ́dọ̀ Raoult, láti 98.6 dé bíi 99.4 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí omi lójú yín.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ ṣe ìṣàn kan tó ní ẹtanọ́ọ̀lù 95.6 nínú 100 ní ìwọ̀n kílò, ní 1.01325 bar, kí ẹ béèrè ibi tí ìhó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní 78.2°C tàbí kí wọ́n fara kàn án, nísàlẹ̀ ibi tí ẹtanọ́ọ̀lù gan-an ti ń hó. Adàlù yẹn máa ń hó bí ohun kan ṣoṣo. Bí sọ́fítíwíà yín kò bá mọ̀ ọ́n, tó ń ṣèlérí 99 nínú 100 fún yín látinú ìkòkò àti páìpù lásán, ẹ padà sí tábìlì nọ́ńbà.

Ẹ tún wò bóyá CO2 wà nínú ìṣàn náà. Ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kan máa ń ní in, díẹ̀ péré sì ti tó láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìhó ti bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó lọ sílẹ̀ gidi. Kì í ṣe irọ́, torí èéfóó CO2 ni kọ̀ǹpútà rí. Àmọ́ kì í ṣe òun lẹ̀ ń wá.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn tó ń se ògógóró ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ mọ̀ pé èyí tó kọ́kọ́ kán àti èyí tó kán kẹ́yìn kì í le bákan náà. Ìlà ooru ò mọ ìyẹn. Ó gbà pé gáàsì tó jáde àti omi tó kù ṣì jọ ń rìn nínú páìpù kan náà títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ. Nínú ìkòkò, gáàsì ti gba orí lọ, kò padà wá mọ́, nítorí náà ìgbóná ìkòkò kò ní tẹ̀ lé ìlà yín. Ẹ lo ìlà ooru fún ẹ̀rọ tó ń kọ́kọ́ gbóná ọtí lójú ọ̀nà àti fún kọ̀ńdẹ́ńsà, ẹ̀rọ tó ń sọ gáàsì di omi. Ẹ má lò ó fún ìkòkò fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ gbà wá o. Ilé iṣẹ́ wa wà lọ́nà Ọ̀wọ̀. A ní stíìmù 1 kg/s ní 150°C, prẹ́ṣọ̀ rẹ̀ ò ju ti afẹ́fẹ́ lọ. A fẹ́ kó di omi kó sì jáde ní 60°C, kó máa gbóná omi láti 30 dé 95°C. Ẹni tó bá wa ṣírò ní àlàfo ìgbóná tó wà láàárín stíìmù àti omi jẹ́ 55°C ní ẹnu kan, 30°C ní ẹnu kejì, pé àyè pọ̀, pé UA (ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ lè gbé kọjá fún àlàfo ìwọ̀n kan) 61 kW/K ti tó. A ra ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru náà. Omi wa ò kọjá 86 tàbí 87°C, stíìmù sì ń fẹ́ jáde níbi tó yẹ kí omi ti máa jáde. Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni? — *Alábòójútó ẹ̀rọ, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ó kéré ni. Ohun tí ẹ kọ pé ó ń ṣe gan-an ni ẹ̀rọ tó ní 61 máa ṣe.

Ẹni tó ṣírò wo ẹnu mẹ́rin, kò wo inú. Ẹ jẹ́ ká wọlé. Stíìmù yín á sọ ooru kalẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta: 101 kW láti 150 wá sí 100, 2257 kW níbi tó ti ń di omi, 168 kW láti 100 wá sí 60. Àròpọ̀ rẹ̀ 2526 kW. Omi tó máa gba irú ooru yẹn láti 30 dé 95 jẹ́ 9.3 kg/s, ìwọ̀n kan rẹ̀ sì ń ná yín ní nǹkan bí 38.9 kW.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹnu tó tutù. Omi wọlé ní 30, stíìmù tó ti di omi ń jáde ní 60: àlàfo 30. Lẹ́yìn 168 kW, omi ti di 34.3, ojú kejì wà ní 100: àlàfo ti ṣí dé 65.7. Ó wá kan pẹpẹ. Ojú stíìmù dúró sí 100 láìmira, omi sì ń gùn bọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ fún odindi 2257 kW. Nígbà tó máa fi dé òpin pẹpẹ, omi ti di 92.4. Àlàfo: 7.6. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà stíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fò sókè sí 150, tí àlàfo sì di 55 tí gbogbo ayé ń rí lẹ́nu.

Ibi tó fún jù wà nínú, kò sí lẹ́nu kankan. Ó jọ ọ̀nà tó fẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó fẹ̀ ní ìparí, tí afárá rẹ̀ ò gbà ju ọkọ̀ kan lọ.

Ẹ fi LMTD (irú àròpín àlàfo tó wà ní ẹnu méjèèjì) ṣe apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀; ooru tí ẹ bá fi LMTD pín ni UA. Ibi tí stíìmù ti ń di omi: láàárín 65.7 àti 7.6, LMTD jẹ́ 26.9, UA rẹ̀ 84. Ibi tí omi rẹ̀ ti ń tutù sí i: LMTD 45.5, UA 3.7. Ibi tí stíìmù gbígbẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti 150: LMTD 24, UA 4.2. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ bíi 92 kW/K. Ẹni tó wo ẹnu nìkan á mú 55 àti 30, á rí LMTD 41.2, á sì ní 61. Ìdá mẹ́ta ẹ̀rọ yín ló ṣì wà lọ́jà.

Nínú sọ́fítíwíà Aspen HYSYS, orúkọ ọ̀nà tó ń wo ẹnu nìkan ni End Point. Weighted ni kí ẹ yàn nígbàkígbà tí ohun kan bá ń hó tàbí tó ń di omi. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi àmì sí Dew/Bubble Pt (igun méjèèjì tí a sọ lókè), kí Step Type jẹ́ Equal Enthalpy, ìyẹn ìgbésẹ̀ tí ooru wọn dọ́gba. Bí ẹ bá gbàgbé àmì yẹn, Weighted náà lè tàn yín jẹ. Ká ní ìgbésẹ̀ 10 ló pín 2526 kW sí: igun tó wà ní 101 kW á bọ́ sínú ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, àmì tó tẹ̀ lé e á wà ní 253 kW, níbi tí omi ti wà ní 88.5. Àlàfo tí ẹ máa rí jẹ́ 11.5. Èyí tó wà nínú páìpù ṣì jẹ́ 7.6.

Ohun tí ẹ lè ṣe báyìí láìra ẹ̀rọ mìíràn: ẹ gbé pẹpẹ sókè. Bí bọ́ílà yín bá lè fún yín ní stíìmù 3 bar, kí 150°C rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀, á máa di omi ní 133.5°C dípò 100. Omi 9.3 kg/s yẹn á jáde ní nǹkan bí 94.6, àlàfo tó kéré jù nínú á kúrò ní 7.6, á di 30 tó wà lẹ́nu tútù, gbogbo UA tí ẹ nílò á sì wá sílẹ̀ sí nǹkan bí 40. 61 tí ẹ ní á tó, á tún ṣẹ́kù. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fáàfù, ẹ ka irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ prẹ́ṣọ̀ ẹ̀rọ náà sí. Bar tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ máa ń jẹ́ èyí tó lé lórí ti afẹ́fẹ́ nígbà púpọ̀, 3 bar inú ìṣirò tiwa sì ti ka ti afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, nítorí náà géèjì yín á máa fi nǹkan bí 2 hàn. Bí kò bá sí fáàfù àbò lórí rẹ̀, ẹ má dán an wò.

Ìbéèrè: Epo pupa ni tèmi. Mo gbé e láti 25 dé 90°C, ìlà náà sì lọ tààrà bí ẹ̀gbẹ́ rúlà. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn? — *Ọ̀rẹ́ yín, Ọ̀rẹ̀*

Ìdáhùn: Láti bíi 40 sókè, bẹ́ẹ̀ ni, kílò epo kan ń gba nǹkan bí 2 kJ fún ìwọ̀n kan, kò sì sí pẹpẹ níbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin náà ti rí ìgò epo nígbà ọyẹ́, bí ìdí rẹ̀ ṣe máa ń dì. Epo tó dì gbọ́dọ̀ yọ́, yíyọ́ náà sì ń jẹ ooru, àmọ́ àwọn property package tí à ń lò lójoojúmọ́, omi àti gáàsì nìkan ni wọ́n ń ṣírò. Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan dì. Ẹ fi ooru yíyọ́ kún un lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi gbóná epo á kéré láàárọ̀ ọjọ́ tó bá tutù.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbé ìlà stíìmù àti ìlà omi sórí àwòrán kan náà, bíi ti inú ìwé. Ọ̀kan ń lọ sápá ọ̀tún, èkejì sápá òsì láti òdo. Wọn ò pàdé. — *Akẹ́kọ̀ọ́ pólì, Ọ̀wọ̀*

Ìdáhùn: Ooru ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù ló ní àmì ìyọkúrò, ìyẹn ló fi lọ sápá òsì. Ẹ fi ooru gbogbo rẹ̀ kún ìlà stíìmù náà. Bó bá jẹ́ láti −2526 dé 0, á di láti 0 dé 2526. Ibi tó tutù jù lára ìlà méjèèjì ni kí ó wà ní òdo, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń ṣàn pàdé ara wọn nínú ẹ̀rọ. Ìlà stíìmù gbọ́dọ̀ wà lókè ti omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá gé ara wọn kọjá níbì kankan, ẹ ti ní kí omi gbóná ju ohun tó ń gbóná án lọ. Ẹ dín ìgbóná tí ẹ fẹ́ kí omi jáde kù, tàbí kí ẹ fi omi kún un.